Bougainvillea Mi Kún fún Ewé, Kò Yọ Òdòdó

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin bougainvillea elése àlùkò sí ìdí fẹ́ǹsì ilé mi. Ó ti gun fẹ́ǹsì náà bò, ewé rẹ̀ tutù minimini, ṣùgbọ́n òdòdó tó ń yọ kò kún ọwọ́. Mi ò fi omi dù ú, àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń bomi rin ín. Mò ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i nídìí, mo sì ń wọ́n ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún koríko sí i. Iná orí fẹ́ǹsì ń tàn sí i mọ́jú, kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́. Èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò, òdòdó ló bò ó. Kí ló dé?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ti kẹ́ igi yẹn bà jẹ́. Èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń yọ òdòdó nítorí pé kò rí ẹni kẹ́ ẹ.

Iná yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí òun ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Bougainvillea wà lára àwọn igi tó ń fi gígùn òru mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ òdòdó. Bí òru bá gùn, tó sì ṣókùnkùn dáadáa, á múra. Bí iná bá ń tàn sí i mọ́jú, lójú tiẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Pa iná náà, tàbí kí o yí ojú rẹ̀ síbòmíràn. Ní ọ̀sán ẹ̀wẹ̀, jẹ́ kí oòrùn máa pa á, ó kéré tán wákàtí 6.

Èròjà tí wọ́n ń pè ní náítírójìn ló pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ àti ajílẹ̀ koríko, òun ló sì ń sọ igi di kìkì ewé. Dá méjèèjì dúró. Bó bá di dandan kí o fún un ní nǹkan, wo nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò ajílẹ̀: èkíní ni náítírójìn, èkejì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta pọ̀tásíọ́ọ̀mù. Èyí tí èkíní rẹ̀ bá ju àwọn tó kù lọ, fi sílẹ̀ fún koríko. Ní tèmi o, igi tó ti fìdí múlẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà títí yóò fi yọ òdòdó.

Omi àárọ̀ àti alẹ́ kẹ̀? Ó tì o. Jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ewé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ni kí o bu omi sí i, kó rin dé gbòǹgbò, kí o sì tún gbàgbé rẹ̀. (Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ṣì ń fẹ́ omi.)

Ó wá ku ẹ̀ka. Elése àlùkò tí ò ń wá yẹn, ewé tó pàwọ̀ dà ni. Òdòdó gan-an ni àwọn funfun tín-tìn-tín mẹ́ta tó wà láàárín rẹ̀. Orí ọ̀mùnú tuntun ni gbogbo rẹ̀ ti ń yọ, nítorí náà ọ̀mùnú púpọ̀ là ń wá. Wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ẹ̀gún rẹ̀ ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀ka gígùn tó ń nà sókè, tẹ̀ ẹ́ kó sùn gbalaja lára fẹ́ǹsì, kí o fi okùn so ó. Ẹ̀ka tó bá dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ nìkan ló máa ń yára hù. Èyí tó bá sùn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò máa pẹ̀ka. Bí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, gé ẹ̀ka náà kúrú. Ṣùgbọ́n bó o bá ń fá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè gún régé, ibi tí òdòdó fẹ́ ti yọ gan-an lò ń gé dànù. Má sì hú u láti gbìn ín síbòmíràn. Gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ ìdààmú.

Ẹni tó bá jẹ́ Trachelospermum olódòdó funfun (igi mìíràn tó máa ń gun fẹ́ǹsì) ló gbìn, kó má gé tiẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ara ẹ̀ka ọdún tó kọjá ni ìyẹn ti ń yọ òdòdó. Kété tó bá yọ òdòdó tán ni kó gé e. Bó bá gé e nígbà tí àsìkò òdòdó ti ń sún mọ́lé, òdòdó ọdún yẹn ló gé.