Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà

Ìbéèrè: Olóòtú wa, Peugeot 504 àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ máa ń kú lójijì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀, bí ó bá tutù, yóò tún sítáàtì. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì) tuntun o. Ní kété tí ó bá kú, tí epo kò sì jò níbì kankan, ẹ yọ wáyà pulọ́ọ̀gì (ohun tó ń ta iná láti tan epo nínú ẹ́ńjìnnì) kan, ẹ fi pulọ́ọ̀gì mìíràn sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lé irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ mú ọwọ́ kúrò, kí ẹnìkan sì sítáàtì mọ́tò. Bí kò bá ta iná, kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà, àwọn ẹ̀yà tó ń bá pulọ́ọ̀gì pèsè iná, ni mo fura sí, nítorí ooru a máa dá iṣẹ́ wọn dúró. Bí ó bá ta iná, ẹ ṣí ìdérí táǹkì epo. Bí ó bá fa atẹ́gùn sínú pẹ̀lú ariwo, ihò èémí táǹkì náà ló dí, tí epo kò fi ṣàn dé ẹ́ńjìnnì dáadáa.