Kí ló dé tí ilẹ̀kùn ilé oko olókùúta Black Middens fi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Nítorí olè ni. Northumberland, lápá àríwá England, ni Black Middens wà, kò jìnnà sí ẹnubodè Scotland. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn olè tí wọ́n ń pè ní reiver a máa gẹṣin wá lóru, wọn a kó màlúù àti àgùntàn lọ. Kì í ṣe Scotland nìkan ni wọ́n ti ń wá o. Ará England pọ̀ nínú wọn.

Ni àwọn àgbẹ̀ bá ń kọ́ irú ilé yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bastle. Ẹran ń sùn nísàlẹ̀, ìdílé ń gbé lókè. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bíi mítà kan, òkúta gìdìgbà gìdìgbà. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ há, igi ìdábùú ni wọ́n fi ń há a mọ́ra láti inú. Àwọn bastle kan tilẹ̀ ní ihò lókè ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n ń da omi gbà bí olè bá ti iná bọ̀ ọ́. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an.

Àkàbà ni wọ́n fi ń gòkè. Bí ìjà bá dé, wọ́n á fà á wọlé. Àtẹ̀gùn olókùúta tí ẹ ń rí níta lónìí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi kún un. Láti 1603 ni ọba kan ṣoṣo ti ń jẹ lórí ilẹ̀ méjèèjì, tí ẹnubodè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Black Middens kò ní òrùlé mọ́. English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́ ní England, ló ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò rẹ̀.