Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Owó Fàdákà Tó Ti Dúdú, Ṣé Kí A Fọ̀ Ọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ìyá wa àgbà mọ́ ní Òkè-Àró, a rí agolo kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Ṣílè ayé òyìnbó ló kún inú rẹ̀, àwọn kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn. Ọkùnrin kan tó ń ra wúrà àlòkù ní Ọjà Ọba sì ní tí mo bá lè jẹ́ kí wọ́n dán, owó gidi lòun máa san. Kí ni kí n ṣe? (Olùkà kan, Àkúrẹ́)

Ẹ gbé ọsàn àti eérú yẹn sílẹ̀ ná. Oríṣi ènìyàn méjì ló ń ra irú owó yìí. Èkíní ń rà á nítorí fàdákà inú rẹ̀: á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á sì lọ yọ́ ọ. Dúdú ni o, funfun ni o, ìwọ̀n kan náà ni lójú tirẹ̀, nítorí ohun tó ṣú lára owó náà fẹ́lẹ́ débi pé òṣùwọ̀n kò lè mọ̀ ọ́n. Èkejì ni alákòójọ owó àtijọ́. Bí owó náà ṣe wà gan-an ni onítọ̀hún fẹ́ kó wà, bó bá sì ti rí i pé wọ́n ti bó o, iye tó máa san á já wálẹ̀ gidigidi, àfi bí kò bá rà á rárá. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló wá ń sanwó fún dídán? Kò sí. Ẹni tó ní kí ẹ lọ fọ̀ ọ́ wá lè fẹ́ mọ̀ bóyá fàdákà ni lóòótọ́, ọdún tó wà lára owó náà á sì sọ èyí fún un láìsí ọsàn.

Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Láti 1913 ni wọ́n ti ń ṣe owó fàdákà fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ṣílè kan àti ṣílè méjì, òdòdó tí wọ́n hun yípo ló wà lẹ́yìn tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta) àti sísì (pẹ́nì mẹ́fà). Èyí tó bá jẹ́ 1913 sí 1919, fàdákà ni: ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bàbà ni ìyókù. Ọdún 1920 dàrú, fàdákà wà níbẹ̀, idẹ náà wà. Láti ìgbà náà lọ, kò sí fàdákà nínú wọn mọ́. Ṣílè kan tí kò tíì jẹ tán máa ń wọn gíráàmù 5.65, fàdákà tó wà nínú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 5.2. Ṣílè méjì wọn ìlọ́po méjì ìyẹn, sísì jẹ́ ìdajì ṣílè kan, tọ́rọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bá wà nínú agolo náà, tó ní orí Ọbabìnrin Fìkitóríà tàbí Ọba Edward Keje, fàdákà 92.5 kan náà ni. Tiwọn di ìdajì fàdákà láti 1920 sí 1946, kò sì sí fàdákà nínú rẹ̀ mọ́ láti 1947.

Ohun tó mú wọn dúdú ni imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́, èyí tó ń jáde láti ṣáláńgá, gọ́tà àti ààtàn, àti láti inú àwọn nǹkan kan nínú ilé pẹ̀lú. Fàdákà á kọ́kọ́ yẹ́lò díẹ̀, á pọ́n rúsúrúsú, á ní àwọ̀ aró, kó tó wá ṣú pátápátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé dúdú yìí kì í ṣe ìdọ̀tí tó wá bà lé owó náà. Fàdákà ojú owó fúnra rẹ̀ ló yí padà. Ẹni tó bá ń ha dúdú náà, fàdákà ló ń ha. Ibi tó ga jù lójú owó ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ: irun ọba, imọ̀ ọ̀pẹ, àti lẹ́tà H kékeré tí ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham fi sàmì sí èyí tí wọ́n ṣe. Yanrìn wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú eérú, ó ń fa ìlà tín-ín-tín-ín sójú owó, ìlà náà kò sì ní kúrò títí ayé. Ọsàn wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀ ń jẹ bàbà inú owó náà, ojú rẹ̀ á funfun lásán, kò ní dán bó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ọtí kíkan àti kóòkì. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni jíkì: kílórínì inú rẹ̀ máa ń sọ ojú fàdákà di eérú-eérú, ọ̀nà àbáyọ kò sì sí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀, òróró tàbí eruku àjà ló wà lára wọn, ìyẹn ẹ lè fọ̀. Ẹ wá omi tí kò ní iyọ̀ tàbí irin nínú. Omi kànga àti ti bohólù kò dára fún iṣẹ́ yìí, omi òjò orí páànù náà kò dára. Èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò ló yẹ, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike rẹ̀ kí ẹ tó rà á, nítorí orí àtẹ kan náà ni òun àti ásíìdì bátìrì máa ń wà. Ẹ gbé e lé iná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ẹ̀kán méjì sí lítà kan. (Kì í ṣe ọṣẹ dúdú o, eérú ni wọ́n fi ń sè é.) Ẹ tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́ ike, kí ẹ sì kó owó náà sí i láìjẹ́ kí wọ́n gorí ara wọn. Wákàtí kan tó. Bí ìdọ̀tí bá le, ó lè di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, ẹ má fi ìka pa á. Ẹ mú un létí, ẹ mì ín nínú omi náà, kí ẹ wá ṣan án nínú omi tuntun lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíṣù, ẹ fi òmíràn tẹ̀ ẹ́ lókè díẹ̀díẹ̀. Títẹ̀ ni o, kì í ṣe nínù. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó gbẹ kí ẹ tó kó o pamọ́. Bó bá ṣì dúdú lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Mo fi ọṣẹ ìfọyín àti kànrìnkàn fọ ṣílè méjì, ọ̀kan 1936, ọ̀kan 1947, tó ní ọ̀pẹ lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì wá yẹ́lò. Ṣé mo ti bó fàdákà ara wọn dànù ni? (Láti Yábàá, ìlú Oǹdó)

Rárá, kò sí fàdákà lára wọn rí. Idẹ ni: ti 1936 jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì àti tánganran (tin), wọ́n sì fi níkẹ́lì sínú èyí tó jáde láti 1938. Àwọ̀ búráùn tó wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ti ha kúrò, kò sì sí ohun tó lè dá a padà kíákíá. Ẹ má fi fáníìṣì tàbí òróró kùn ún pé kó má baà ṣú mọ́. Ìyẹn á tún ba ohun tó kù jẹ́. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀ fún eyín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ò gbọdọ̀ retí fàdákà nínú sísì, ṣílè kan tàbí ṣílè méjì Nàìjíríà ti 1959, tàbí nínú kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó jáde ní 1973. Bàbà àti níkẹ́lì ni gbogbo wọn, bí wọ́n tilẹ̀ funfun.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé tí a bá fi fóìlì, béékìn-sódà àti omi gbígbóná fọ fàdákà, á funfun láìha á rárá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè fi kán-ún rọ́pò béékìn-sódà? (Ọ̀dọ́ kan, Ìdànrè)

Òótọ́ ni pé á funfun, kò sì sí híha níbẹ̀. Imí ọjọ́ tó ti so mọ́ fàdákà fẹ́ràn alumíníọ́mù jù ú lọ. Bí àwọn méjèèjì bá fara kanra nínú omi gbígbóná tó ní sódà, imí ọjọ́ á ṣí kúrò lára fàdákà, á lọ bá alumíníọ́mù. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ tí ẹ máa gbọ́ nígbà náà, òun gan-an ni. Ẹ ṣí fèrèsé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi fóìlì tẹ́ inú abọ́ tánganran tàbí abọ́ gíláàsì, kí ojú tó dán wà lókè. Ẹ tẹ́ fàdákà lé e kó kan fóìlì náà gan-an, nítorí bí kò bá kàn án, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun kan béékìn-sódà sí ife omi kan (bíi mílílítà 250) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ dà á sórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún ti tó. Ẹ yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì náà lè kàn án, ẹ ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́. Bí fóìlì bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Béékìn-páúdà kò lè ṣe é, ásíìdì àti ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀. Kán-ún náà kò yẹ: ó ní iyọ̀ àti iyanrìn tí ẹ kò lè mọ iye rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó àtijọ́ kọ́ ni ẹ máa ṣe èyí fún. Fàdákà tó padà sójú owó náà kò ní jókòó bó ṣe wà nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Á wà ní wúruwùru, ojú rẹ̀ á funfun bàìbàì, á sì yára ṣú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Alákòójọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n nígbà tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ṣíbí, àwo àti yẹtí fàdákà ni ọ̀nà yìí wà fún. Àwọn yẹtí tó ní òkúta tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi gúlùú lẹ̀, ẹ má kì wọ́n bọ omi gbígbóná.

Bàbá mi, tó ń ta kòkó nígbà ayé wọn, kó ṣílè wọn sínú álíbọ́ọ̀mù olóníke. Ní báyìí, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ti bo wọn. Ọṣẹ kò mú un kúrò. (Ìlú Oǹdó)

Èyí ni kí ẹ tètè bójú tó. Álíbọ́ọ̀mù náà ló fa á. Ike rírọ̀ tó máa ń rùn bíi ti aṣọ tábìlì olóníke tuntun máa ń sun omi ásíìdì jáde bó bá ti pẹ́, pàápàá nínú ooru wa. Ásíìdì yẹn ló ń jẹ bàbà inú fàdákà, ohun tó sì jẹ ló di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á jẹ ihò sójú owó.

Acetone, omi kẹ́míkà kan tó máa ń tètè gbẹ, ló ń tú u, kì í fọwọ́ kan fàdákà, kì í sì í mú dúdú rẹ̀ kúrò. Èyí tí kò ní ohunkóhun mìíràn nínú ni ẹ fẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́. Omi tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná ní àwọ̀, lọ́fínńdà àti òróró, kò yẹ. Ẹ wá ìgò onídérí méjì tó jẹ́ gíláàsì, kì í ṣe ike, torí ó lè yọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ rẹ owó náà sínú ìgò àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ dé e. Bí àwọ̀ ewé bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í bọ ìgò kejì tó ní acetone tuntun fún ìṣẹ́jú kan, torí bí ti àkọ́kọ́ bá gbẹ sára owó, ìdọ̀tí rẹ̀ á padà lẹ̀ mọ́ ọn. Gbígbẹ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná ìdáná, àbẹ́là, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀, nítorí oru rẹ̀ máa ń gbiná láti ọ̀nà jíjìn. Ibi tí àwọ̀ ewé náà ti jẹ wọlé tẹ́lẹ̀, àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ìyá mi ní ẹ̀gbà ọrùn tí alágbẹ̀dẹ fi sísì fàdákà mẹ́fà ṣe, ó lu ihò sí wọn. Ṣé èyí náà kò yẹ ní fífọ̀? (Alágbàká, Àkúrẹ́)

Ẹ fọ̀ ọ́. Owó tí wọ́n ti lu ihò sí ti kúrò lọ́wọ́ alákòójọ, ohun ọ̀ṣọ́ ló dà, ẹ̀wà ọrùn ìyá yín ló sì kù. Ọ̀nà fóìlì tí a kọ sókè yẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ òjé ni alágbẹ̀dẹ fi jó o pọ̀, ibi ìjópọ̀ náà kò ní funfun bíi ti ìyókù. Ẹ má ha á.

Níbo ni kí a kó wọn pamọ́ sí tí wọn kò fi ní ṣú sí i? (Olùkà kan náà láti Òkè-Àró)

Ẹ má fi rọ́bà dì wọ́n pọ̀ láéláé, imí ọjọ́ wà nínú rọ́bà, á sì fa ìlà dúdú sí wọn lára níbi tó bá ti kàn. Ìwé ìròyìn, bébà búráùn àti aṣọ onírun kò dára. Ẹ wá ọ̀rá funfun kedere tí kò ní àwọ̀ tàbí ìwé lára, irú èyí tí wọ́n fi ń di omi yìnyín, kí owó kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn sínú agolo tó dé dáadáa, kí ẹ ju àwọn àpò kékeré agbómi tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Nígbà òjò, ẹ máa pààrọ̀ wọn lóṣù méjì-méjì. Ibi gbígbẹ nínú yàrá ló yẹ kó wà, kí ó jìnnà sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi han àlejò, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sì mú owó náà létí, torí iyọ̀ inú òógùn ìka máa ń fi àmì ìka sójú fàdákà, àmì náà kì í sì í lọ mọ́ bó bá ti pẹ́.