Ẹ Má Fi Kún Iná Hítà: Ìdáhùn Lórí TWT Tí Agbára Rẹ̀ Ń Dín Kù

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ámípílífáyà tí a fi ń ta ìgbì sókè sí sátẹ́láìtì, oní-TWT ni (traveling-wave tube, túùbù tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti fún ìgbì rédíò lágbára), agbára tó ń jáde lára rẹ̀ sì ti ń dín kù. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní káàtódù ló ti rẹ̀, pé kí a gbé fóltéèjì hítà kúrò ní 6.3 lọ sí 7.5, pé yóò jí padà. Ó tún ní nǹkan ayé àtijọ́ ni túùbù, pé bí kò bá jí, kí a sọ ọ́ nù. Ṣé kí a ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ dá a padà sí iye tí wọ́n kọ sára túùbù náà kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ìbéèrè yìí ti ń wá sọ́dọ̀ mi léraléra, inú sì ń bí mi sí i, nítorí túùbù tí ara rẹ̀ le ni wọ́n sábà máa ń fi ìmọ̀ràn yìí pa. Ẹ ní káàtódù ti rẹ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n? Agbára tó ń jáde lè dín kù láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe káàtódù rárá. Ó lè jẹ́ pé ìgbì tí ẹ ń fi wọlé ti pọ̀ jù: gbogbo TWT ló ní ibi tí agbára rẹ̀ kún dé, bí ẹ bá sì ń rọ ìgbì sí i kọjá ibẹ̀, èyí tó ń jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ni. Omi lè ti wọ wéfúgáìdì, ìyẹn páìpù irin tí ìgbì ń gbà kọjá. Mítà tí ẹ fi ń wo agbára náà lè máa parọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí káàtódù, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ náà wà. Káàtódù ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ TWT òde òní, irin tungsten oníhò wẹẹrẹ ni, tí wọ́n ti rẹ èròjà tó ní báríọ́mù sínú rẹ̀. Hítà á mú un gbóná dé nǹkan bí 1,000 °C, báríọ́mù á sì máa gba inú àwọn ihò yẹn wá sójú irin, bí epo ṣe ń gba inú òwú àtùpà gòkè. Báríọ́mù ojú irin yìí ló ń jẹ́ kí ó rọrùn fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti jáde. Bó ti ń dé ojú irin ló ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí èyí tó kù nínú kò bá tó rọ́pò èyí tó ń gbẹ mọ́, káàtódù ti parí iṣẹ́ nìyẹn.

Nínú túùbù tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, káàtódù ń pèsè ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ju èyí tí à ń lò lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á máa ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jáde padà. Fóltéèjì ánóòdù, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, ló ń pinnu iye tó ń lọ, kì í ṣe ooru. Nítorí náà, bí káàtódù yín bá ṣì le, ooru tí ẹ fi kún un kò ní fi agbára tó nílàárí kún iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sì ń kú lóòótọ́, ẹ ó rí agbára díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, báríọ́mù tó kù á sì tètè tán. Èyí tó gbẹ kò kúrò nínú túùbù o. Ó ń lọ lẹ̀ mọ́ gíríìdì (àwọ̀n irin tó wà níwájú káàtódù) àti àwọn ẹ̀yà tí kò yẹ kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ara wọn jáde, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde, iná á sì máa fò níbi tí kò yẹ. Hítà fúnra rẹ̀ náà lè jó.

Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn yìí ti wá. Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ìgbà kan ṣe máa ń fi kún iná hítà gíláàsì àwòrán tó ti ń ṣú, àwòrán á sì mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Káàtódù ibẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, iye owó rẹ̀ yàtọ̀, fóltéèjì tó wà níbẹ̀ àti ohun tó lè bàjẹ́ tẹ̀ lé e náà yàtọ̀.

Ìsàlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbé ooru lọ kí túùbù tó lè pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Philips fi irin osmium tín-ín-rín bo ojú káàtódù, ó sì ń tú iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà jáde ní ooru tó fi nǹkan bí 80 sí 100 °C rẹlẹ̀. Wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yẹn kí báríọ́mù má baà tètè tán, ẹnìkan wá ní kí ẹ tún gbé ooru padà sókè.

Ní ti pé nǹkan ayé àtijọ́ ni: òótọ́ ni pé Rudolf Kompfner ti ṣe TWT ní Bìrìtìkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, John Pierce sì mú un tẹ̀síwájú ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ti yín kì í ṣe ti Kompfner. Mágínẹ́ẹ̀tì samarium-cobalt kéékèèké ti rọ́pò wáyà ńláńlá tí wọ́n ń fi kó ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ. Kọlẹ́kítọ̀, ìyẹn ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń balẹ̀ sí lópin túùbù, ló sì yí padà jù lọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti fún ìgbì lágbára ṣì ní púpọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bá dé òpin; tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń sáré lu kọlẹ́kítọ̀, agbára yẹn á sì di ooru lásán. Lónìí, wọ́n pín kọlẹ́kítọ̀ sí ìpele bíi mẹ́rin, fóltéèjì wọn sì rẹlẹ̀ ju ti ara túùbù lọ, kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè dẹ eré kó tó balẹ̀. Agbára tó kù á padà sínú páwà sọ́pìláì. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí TWT inú sátẹ́láìtì lè sọ nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń jẹ di ìgbì. TWT wà lára Voyager, ọkọ̀ òfurufú aláìlérò tó gbéra ní 1977, ó ń ta nǹkan bíi wáàtì 12 tàbí 18, ó sì lo ju ogójì ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ dín ìgbì tó ń wọlé kù díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá èyí tó ń jáde á gòkè. Ẹ ka kọ́rẹ́ǹtì káàtódù àti ti hẹ́líìsì, ìyẹn wáyà lílọ́ tí ìgbì ń gbà, kí ẹ fi wọ́n wé ìwé àyẹ̀wò tó bá túùbù wá. Bí ti káàtódù kò bá yí padà, ẹ fi káàtódù sílẹ̀. Bí ti hẹ́líìsì bá ń gòkè, ìtànṣán ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, wáyà yẹn kò sì lè gba ooru púpọ̀: ẹ má ṣe já ohun ààbò tó máa ń dá iná ẹ̀rọ náà dúró fúnra rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti tàn án gbẹ̀yìn, hítà nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, fún iye wákàtí tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ, kí fóltéèjì ńlá tó wọlé. Bí ìwé yẹn bá sì ní ìlànà tirẹ̀ fún gbígbé iná hítà sókè díẹ̀díẹ̀ bí túùbù ti ń dàgbà, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe èmi tí n kò fojú rí ẹ̀rọ yín.

Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ fóltéèjì ńlá kò gbọdọ̀ ṣí àpótí yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ló wà níbẹ̀, kàpásítọ̀ tó ń kó iná pamọ́ sì lè pa èèyàn lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná. Ẹ má fọ́ túùbù tó ti kú, nítorí àwọn kan ní séráámíìkì beryllium, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ àti àwọn kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ kà ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà á padà tún ṣe.