Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ Adriatic, ẹ wo iye ìgbà tí físà yín lè wọlé

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yin àti màmá yín, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, fẹ́ gba ojú òkun Adriatic, tó wà láàárín Ítálì àti Croatia, láti Venice lọ sí Split, Hvar, Dubrovnik àti Kotor, kí ẹ wá parí rẹ̀ ní Corfu tàbí Athens ní Gíríìsì. Ẹ béèrè pé èwo ló dáa jù: ṣé ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá tí ẹ ó máa sùn sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni, àbí kí ẹ máa wọ fẹ́rì láti èbúté kan sí ìkejì. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí orúkọ Kotor nínú ohun tí ẹ kọ ni àyà mi já, torí Kotor yẹn ni ojú èmi àti àǹtí mi fi rí màbo.

Gbogbo èbúté tí ẹ dárúkọ ló wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan náà ń wọ̀, àfi Kotor nìkan. Croatia wọ Schengen ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná yúrò. Montenegro, níbi tí Kotor wà, kò sí nínú Schengen. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé yúrò làwọn náà ń ná, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹni tó ní físà Schengen tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé wọlé láìgba físà tiwọn. Nítorí náà, wíwọ Kotor kọ́ ni ìṣòro ńlá. Pípadà sínú Schengen ni ìjàngbọ̀n wà. Tó bá jẹ́ físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lẹ ní, bí ọkọ̀ bá ti fi Dubrovnik sílẹ̀ tó forí lé Kotor, iṣẹ́ físà yẹn ti tán, kódà kó ku ọjọ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ò lè fi wọ Corfu mọ́.

Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín báyìí, kí ẹ wo ara físà níbi tí wọ́n kọ NUMBER OF ENTRIES sí. Tí ẹ bá rí 01 níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni. MULT, ìyẹn ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, ni ẹ ń wá. Ti màmá yín náà, ẹ wò ó lọ́tọ̀, torí wọ́n lè fún ọmọ ní MULT kí wọ́n fún ìyá ní 01.

Nígbà tí àwa ń tọrọ físà, a kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọkọ̀ wa máa yà ní Kotor. A fi ìwé ìrìn ọkọ̀ náà mọ́ ọn, tó fi èbúté kọ̀ọ̀kan àti déètì rẹ̀ hàn, a sì sọ pé a nílò ju ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ wa ò tiẹ̀ ṣí i wò. Físà jáde, 01 ni wọ́n tẹ̀ sí i. Mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní àwọn kọ́ ló ń pinnu, kí n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba tó fún wa ní físà. Mo kọ̀wé, èsì wọn ni pé kí n tọrọ òmíràn, kí n sanwó mìíràn. Ágẹ́ǹtì tó ta ìrìn àjò náà fún wa búra pé kò séwu, pé ẹni tó bá ṣáà wà nínú ọkọ̀ kan náà kò kúrò níbì kankan. Mo pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní àwọn èrò àwọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo ní kó kọ ohun tó sọ yẹn ránṣẹ́ sí mi nínú ímeèlì. Ohun tó kọ ránṣẹ́ ni pé ọrùn èrò ni ọ̀rọ̀ físà wà. Ẹnu wọn ń ṣèlérí, ìwé wọn ń yọ wọ́n sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Ní èbúté tí a ti wọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yẹ físà wa wò, wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n ní ká máa bọ̀. Alẹ́ tó ṣáájú Dubrovnik ni wọ́n ti lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wa, pé ká wá rí àwọn. Ẹ̀rín ni ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì náà fi sọ ọ́: tí ilẹ̀ bá mọ́, ká kó gbogbo ẹrù wa sọ̀kalẹ̀ ní Dubrovnik, torí tí wọ́n bá gbé wa láti Kotor dé Gíríìsì láìsí físà tó péye, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni ìjọba máa bu owó ìtanràn lé. Òótọ́ ni, òfin náà wà. Ṣùgbọ́n ó ti wà nígbà tí wọ́n ń gbowó wa. Ó ti wà nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò wa. Àǹtí mi, ẹni tó ti ń tọ́jú owó ìrìn àjò yìí tipẹ́tipẹ́, sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe tí wọ́n fi ń lé òun bí ọ̀daràn. Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹ́ ká kúrò, wọ́n gbé ìwé kan wá pé ká fọwọ́ sí i pé àwa fúnra wa la yàn láti sọ̀kalẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i. Bí irú rẹ̀ bá kàn yín, ẹ má fọwọ́ sí i láé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi sọ yín kalẹ̀ sórí ìwé tiwọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, torí ìwé yẹn lẹ ó mú lọ bá ìńṣọ́ránsì nígbà tí ẹ bá ń béèrè owó yín.

Gruž ni wọ́n já wa sí, èbúté Dubrovnik nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bá odi ìlú àtijọ́ tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 3 síra wọn. Athens ni ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé wa padà sílé ti máa gbéra. Obìnrin kan nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́rì ló là wá lójú: pé ọkọ̀ kan wà tó ń lọ láti Dubrovnik sí Bari ní Ítálì lóru, àti pé fẹ́rì ń lọ láti Bari sí Igoumenitsa àti Patras ní Gíríìsì. Láti Croatia sí Ítálì sí Gíríìsì, èèyàn ò jáde nínú Schengen rárá. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan wa yẹn tó wa dé Athens. Nínú gbogbo àwọn tó wọṣọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ sáyà, obìnrin yẹn nìkan ló mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ìbéèrè yín. Fẹ́rì ni mo máa mú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Venice lọ sí Ancona, kí ẹ wọ fẹ́rì òru láti ibẹ̀ sí Split. Split rọrùn fún àgbàlagbà, torí èbúté rẹ̀ kò jìn rárá sí ààfin Diocletian, ọba Róòmù tó fi oyè sílẹ̀ ní ọdún 305 tó wá ń gbé níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn ọkọ̀ ayára wà láti Split sí Hvar àti Korčula títí dé Dubrovnik. Láti ibẹ̀, ẹ gba Bari bí àwa ṣe gbà á. Ẹ sanwó yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ọkọ̀ òru. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù, orí àga tàbí ìta lásán lẹ máa sùn.

Ẹ ṣọ́ra o: fẹ́rì ńlá tó ń gbé mọ́tò láti Split sí erékùṣù Hvar, Stari Grad ló ń já sí, kì í ṣe ìlú Hvar. Òkè ńlá wà láàárín wọn, bọ́ọ̀sì ni ẹ máa wọ̀. Korčula náà bẹ́ẹ̀: èyí tó lọ sí Vela Luka já yín sí ìpẹ̀kun kejì erékùṣù náà. Orúkọ èbúté ni kí ẹ máa kà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ erékùṣù.

Ọ̀rọ̀ orúnkún màmá yín tí ẹ mẹ́nu bà, òun gan-an ló jẹ́ kí n má fara mọ́ ọkọ̀ ńlá. Níbi tí èbúté bá ti kéré, irú bíi Hvar, ọkọ̀ ńlá á ju ìdákọ̀ró sójú omi, wọ́n á sì ní kí àgbàlagbà fẹsẹ̀ kọjá sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè sódò. Àǹtí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Ní Dubrovnik, ẹ jẹ́ kó rìn ní Stradun, òpópónà ńlá inú ìlú àtijọ́, ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má mú un gun orí odi ìlú, ó gùn tó mítà 1,940, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga. Ní Venice, afárá ju 400 lọ, àtẹ̀gùn ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà ẹ máa wọ vaporetto, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò bíi bọ́ọ̀sì.

Nǹkan mìíràn nípa Venice. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọn ò gba àwọn ọkọ̀ ńlá láyè mọ́ láti gba iwájú San Marco, gbàgede ńlá ìlú náà. Tí ìwé ìpolówó bá kọ Venice, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ èbúté náà gan-an, torí òmíràn ń gbéra láti Ravenna, tó jìn ju 100 kìlómítà lọ. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í sọ ọ́ àyàfi tí ẹ bá béèrè.

Tí afẹ́fẹ́ bura tàbí jugo bá ń fẹ́, àwọn ọkọ̀ ayára kì í lọ. Nígbà náà ni èèyàn máa ń sáré wọ bọ́ọ̀sì láti Split sí Dubrovnik. Ẹ béèrè ọ̀nà tó ń gbà kí ẹ tó wọ̀ ọ́! Afárá Pelješac tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 2022 kò jáde ní Croatia, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì bá gba Neum, inú Bosnia lẹ wọ̀ yẹn, físà ẹ̀ẹ̀kan yín sì ti lọ. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ bọ̀ náà nìyẹn.

Tí Kotor bá wà lọ́kàn yín dandan, tí 01 sì ni wọ́n fún yín, ẹ fi í ṣe òpin ìrìn àjò. Ẹ wò ó tán, kí ẹ wọkọ̀ òfurufú sílé láti Podgorica, olú ìlú Montenegro, kí ẹ gba Istanbul. Ẹ má gba pápákọ̀ òfurufú Schengen kankan, torí lẹ́yìn tí físà yẹn bá ti kú, àwa tí à ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà ìgbàkọjá níbẹ̀ pàápàá.

Ẹ fi oṣù tí ẹ fẹ́ lọ àti ohun tí ẹ rí lára físà méjèèjì kọ síbí, màá sọ ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà fún yín.