Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Orin 37 nínú àwo kan, èwo ni kí n gbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kásẹ́ẹ̀tì Jim Reeves àti Don Williams ni bàbá mi fi tọ́ etí wa nílé, títí dòní n kò tíì rí orin tó ń tù mí lára bíi country. Mo fẹ́ràn rọ́ọ̀kì náà. Mo wá ra dátà, mo fi gbọ́ àwo tí Morgan Wallen gbé jáde ní 2025. Orin 37 ló wà nínú rẹ̀, n kò gbọ́ ju mẹ́sàn-án lọ tó fi sú mi. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dára kí n tó náwó lé e? Ṣé country náà ni ohun tí Beyoncé àti Shaboozey ń kọ? Kí ló sì dé tí orin tuntun fi ń tètè rẹ etí mi, tí ti Jim Reeves kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Òṣogbo ni mo wà, ọmọ ọdún 46 ni mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń yan orin òyìnbó fún ètò alẹ́ lórí rédíò, ohun tí mo sì fi ń mọ orin kò ju ẹyọ kan lọ: ẹsẹ kejì. Ẹsẹ kìíní, kò sẹ́ni tí kò lè kọ ọ́ kó dùn. Ègbè, ẹni tó lówó lè bẹ àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ kí wọ́n bá òun hun ún. Ìgbà tí orin bá dé ẹsẹ kejì la tó ń mọ̀ bóyá akọrin ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ẹ padà sídìí kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín, kí ẹ wá He'll Have to Go, tí Jim Reeves gbé jáde ní 1959. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kó gbé ẹnu súnmọ́ fóònù dáadáa, òun á ní kí wọ́n dín ohùn ẹ̀rọ orin kù, kí obìnrin náà sọ fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó máa lọ. Àṣẹ ló ń pa. Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e: ó mọ̀ pé obìnrin náà kò lè sọ ohun tí òun fẹ́ gbọ́ níṣojú ọkùnrin kejì, ó ní kó kàn dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, á yé òun. Ẹni tó ń pàṣẹ ti di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè rárá. Ibẹ̀ lorin ti di orin.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú rẹ̀ ti tán. Ní 2023, Luke Combs tún Fast Car kọ, orin tí Tracy Chapman kọ ní 1988. Kò yí ọ̀rọ̀ orin náà padà, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun tó ṣe. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ ayára sá kúrò nínú ìṣẹ́. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ ìdí rẹ̀: bàbá ọmọbìnrin náà ń mutí, ìyá ti lọ, ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lè tọ́jú bàbá. Nígbà tó fi máa parí, òun ló ń ṣiṣẹ́ sanwó ilé, ọkọ wà nílé ọtí. Ẹ ṣọ́ ègbè ìkẹyìn: ní àkọ́kọ́, ó béèrè bóyá ọkọ̀ náà yára tó kí “àwa” fi fò lọ, ní ìkẹyìn, “ìwọ” ló sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló pààrọ̀, ìgbéyàwó sì ti tú ká níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni orin náà gba àmì ẹ̀yẹ orin ọdún ti CMA, ẹgbẹ́ àwọn olórin country ní Amẹ́ríkà, Tracy Chapman sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà. Inú mi dùn débi pé mo gbé orin náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan, tirẹ̀ àti ti Combs.

Ní ti àwo orin 37 yẹn, ìdí rẹ̀ kò fara sin. Lórí Spotify, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin, orin tí ẹ bá ti gbọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n ti kà á, iye tí wọ́n bá sì kà ni wọ́n fi ń ṣírò owó olórin. Wọn ò béèrè bóyá ẹ gbọ́ ọ parí. Ẹni tó kó orin 37 jọ ní ọ̀nà 37 tí wọ́n lè gbà kà á. Wallen kó 30 sínú àwo rẹ̀ ti 2021, ó kó 36 sínú ti 2023. Zach Bryan kó 34 sínú ti 2022. Orin gidi wà láàárín wọn, pàápàá ti Zach Bryan, ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbọ́ ni wọ́n fi iṣẹ́ yíyàn náà lé lọ́wọ́, a sì tún ń fi dátà wa ṣe é. Ìyẹn dùn mí.

Nítorí náà, orin mẹ́ta ni kí ẹ gbọ́: ti àkọ́kọ́, ti àárín, ti ìkẹyìn. Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ kejì á fi parí. Bí méjì nínú wọn bá gbé ọ̀rọ̀ kúrò níbi tí ẹsẹ kìíní gbé e sí, ẹ gbọ́ ìyókù. Bí ẹsẹ kejì bá kàn ń tún ti àkọ́kọ́ wí, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ má fo ti ìkẹyìn o. Nínú àwo tí Rolling Stones gbé jáde ní 2023, Hackney Diamonds, wọ́n ti dán ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ jù fún etí mi. Ṣùgbọ́n ẹ dé ìparí, ẹ ó bá Mick Jagger àti Keith Richards, àwọn méjì péré, pẹ̀lú gìtá àti fèrè ẹnu, tí wọ́n ń kọ orin Muddy Waters tí wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn àgbàlagbà méjì padà sídìí ohun tó pè wọ́n nígbà ọ̀dọ́. Mi ò lè fi orin mìíràn nínú àwo yẹn wé e.

Kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun, ẹ wo ètò ohùn lórí fóònù yín. Lórí Spotify, ohùn tí wọ́n pè ní Very high ń gba kilobit 320 dátà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n pè ní Normal ń gba 96. Àwo Wallen tí ẹ sọ súnmọ́ wákàtí méjì: bí ẹ bá gbọ́ ọ ní 320, bíi MB 280 ló ń lọ, ní 96, bíi 84. Ẹ fi Normal dán an wò ná. Èyí tó bá wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ gbé e wálẹ̀ ní ohùn gíga níbi tí Wi-Fi bá wà. Àwo kúkúrú náà ṣì wà: ti Tyler Childers ní 2023, Rustin' in the Rain, orin méje ni gbogbo rẹ̀.

Ṣé country ni ti Beyoncé? Bẹ́ẹ̀ ni. Báńjò tí wọ́n ń fi yangàn nínú orin yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ti wá. Ohun èlò àwọn ará Jola ní Senegal àti Gambia, akonting, jọ ọ́ dáadáa. Bí ẹ bá sì rántí, Jim Reeves fúnra rẹ̀ jẹ nínú irú ẹjọ́ yìí. Chet Atkins tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tó yọ fáólìn abúlé (fiddle) àti gìtá onírin (steel guitar) kúrò, tí wọ́n fi ẹgbẹ́ akọrin àti ọ̀wọ́ fáólìn rọ́pò, àwọn kan sì ní ìyẹn kì í ṣe country mọ́. Lónìí, irú orin yẹn là ń pè ní ojúlówó country. Nínú àwo Beyoncé ti 2024, 16 Carriages ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin tó ti kúrò nílé lọ ṣiṣẹ́ orin láti ọmọ ọdún 15 ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Robert Randolph ló sì ń fi gìtá onírin gbè é lẹ́yìn.

Gìtá yẹn, ẹ ti mọ ohùn rẹ̀ tipẹ́. Òun ni Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta lẹ́yìn King Sunny Adé, tó sì lọ ta fún Paul Simon nínú Graceland ní 1986. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń wọlé nígbà tí akọrin bá ń mí, bí ìyáàlù ṣe ń dá ẹni tó ń lé orin lóhùn.

Ti Shaboozey ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ yìn. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, ó sì wú mi lórí pé A Bar Song rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ 19 wà ní ipò kìíní lórí Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ní 2024. Ẹsẹ kìíní rẹ̀ dára: owó epo, owó oúnjẹ, iṣẹ́ tí kò tó jẹun. Ẹsẹ kejì gbàgbé gbogbo rẹ̀ sídìí ọtí. Orin àríyá ni, ẹ jó o.

Nínú rọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ lè má pọ̀, nítorí náà sùúrù ohun èlò ni mo máa ń wò. Lẹ́yìn ọdún 16 ni ẹgbẹ́ The Cure gbé àwo tuntun jáde ní 2024, orin mẹ́jọ. Nínú orin tó ṣáájú nínú rẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí Robert Smith, akọrin wọn, tó la ẹnu. Ẹ má fò ó. Nígbà tó bá fi máa kọrin, ìlù yẹn á ti mú yín lọ síbi tó ń lọ.

Etí tó ń rẹ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ àwo tuntun, wọ́n ti fún ohùn kékeré àti ohùn ńlá pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè máa ké bákan náà. Ó dà bí ẹni tó ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin. Nígbà tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Metallica gbé àwo Death Magnetic jáde ní 2008, àwọn olólùfẹ́ wọn fúnra wọn fi ẹ̀hónú hàn, nítorí wọ́n gbọ́ orin kan náà nínú eré fídíò Guitar Hero, wọ́n rí i pé ti inú eré ló ń mí. Jim Reeves yàtọ̀: láti ìgbà Four Walls ní 1957 ló ti ń fi ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ kan maikirofóònù, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ normalization sí nínú ètò Spotify lórí fóònù yín, kí ẹ tàn án, kí orin má baà máa fò sókè lójijì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Jim Reeves sí i, ẹ ṣètò ohùn débi tó tù yín lára, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ wá gbé Traveller ti Chris Stapleton, 2015, tẹ̀ lé e. RCA Studio A ní Nashville ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Chet Atkins ti Jim Reeves yìí sì wà lára àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Bí èyí kò bá rẹ̀ yín létí, ẹ bọ́ sí Higher rẹ̀ ti 2023.