Ilé olókùúta ní Dordogne: ṣé kí a rà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ NHS kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọ ọdún 67 ni mí, ọkọ mi ti pé 71. Peckham la ń gbé. Òyìnbó kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì gbà wá lálejò fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Eymet, ní agbègbè Dordogne nílẹ̀ Faransé, nínú oṣù kẹfà tó kọjá. Láti ìgbà tí a ti dé ni ọkọ mi ti ń wo ilé. Ó ti rí ọ̀kan, ilé olókùúta oníyàrá mẹ́rin, 118,000 yúrò, kìlómítà méje sí ìlú. Pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba ni tèmi. Ti Nàìjíríà ni ọkọ mi ṣì ń lò, ṣùgbọ́n ó ní “indefinite”, ìwé tó fún un láyè láti máa gbé ìlú ọba láìní gbèdéke. A ò gbọ́ Faransé. Báwo ni ayé àwọn tó fẹ̀yìntì síbẹ̀ ṣe rí gan-an? Ṣé owó wa á tó? Ṣé kí a ra ilé náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá mi, wọ́n ti fọwọ́ síwèé tán kí wọ́n tó wá. Ọmọ Kétu ni mí, ní Benin, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Ọdún kẹrìnlá mi rèé lágbègbè Bergerac, nítòsí Eymet, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa bá àwọn ará ìlú ọba tó fẹ̀yìntì síbí kọ ìwé, kí n máa tẹ̀lé wọn lọ sí ọ́fíìsì àti ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ẹ má tíì ra ilé yẹn. Ẹ wá rẹ́ǹtì láàárín ìlú fún ọdún kan, kí ẹ sì rí i pé oṣù kìíní ọdún wà nínú ẹ̀.

Oṣù kẹfà lẹ rí Eymet, kò sì sí ẹni tí Eymet kì í dùn mọ́ lóṣù kẹfà. Ìlú kékeré ni, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ lọ. Alphonse de Poitiers ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1270, wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo bastide, ìyẹn ìlú tuntun tí wọ́n là sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀, nígbà náà: gbàgede onígun mẹ́rin láàárín, ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, òpópónà tó tọ́ bí ọ̀pá. Ọjọ́bọ̀ lọjà. Nígbà ooru, ẹ ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nídìí tábìlì kọfí títí ẹ ó fi gbàgbé ibi tí ẹ wà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní ìsọ̀ tó ń ta tíì àti ẹ̀wà inú agolo bíi ti London.

Ẹ wá dúró sí gbàgede yẹn kan náà lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní, ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Gbogbo fèrèsé onípákó ló ti pa dé. Èéfín igi ń rú lórí òrùlé mẹ́ta mẹ́rin. Ilé búrẹ́dì ò ṣí, torí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kan, ẹyẹlé ni. Àwọn tí ẹ jọ jẹun lóṣù kẹfà ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ti padà sí Kent lọ wo ọmọ-ọmọ. Inú ilé olókùúta tí ògiri rẹ̀ nípọn yẹn, tó tutù minimini tí ẹ fẹ́ràn nígbà ooru, ó ṣì ń tutù ní tirẹ̀. Igi ìdáná ni wọ́n fi ń yá a, stère-stère ni wọ́n ń tà á: igi tó kún àyè mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan lókè. Ẹni ọdún 71 ni yóò máa gbé e wọlé. Ẹ má sì ka owó iná ìgbà òtútù tí ìjọba ìlú ọba ń san fún àgbà kún un o, wọn kì í san án fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Faransé. Ìdí tí wọ́n fi yọ Faransé kúrò máa pa yín lẹ́rìn-ín: nígbà tí wọ́n ṣírò bí Faransé ṣe ń móoru tó, wọ́n ka àwọn erékùṣù rẹ̀ tó wà lágbègbè olóoru mọ́ ọn. Oòrùn Guadeloupe ló gba owó iná lọ́wọ́ àwọn ará Dordogne.

Ohun kan wà tó máa rọrùn fún yín ju fún àwọn òyìnbó tó gbà yín lálejò lọ: kíkí. Mo wà lórí ìlà ní ilé búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan wọlé, ó nawọ́ sí búrẹ́dì, ó ní “Deux baguettes, s'il vous plaît.” Faransé rẹ̀ mọ́ gaara. Obìnrin tó ń tà wò ó, ó ní “Bonjour, monsieur,” ó sì dákẹ́. Bàbá rò pé kò gbọ́, ó tún un sọ. “Bonjour, monsieur.” Ìgbà kẹta ló tó yé e, ojú tì í, ó kí i, búrẹ́dì sì dé kíá. Mo rántí ìyá mi ní Kétu, tó máa ń dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà kí n tún wọlé bí mo bá gbàgbé láti kúnlẹ̀. Níbí, bí ẹ bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, gbogbo ẹni tó jókòó lẹ máa kí. Bí ẹ bá ń jáde lọ, ẹ ó dágbére. “Vous” ni ẹ, “tu” ni o. Mo ti rí ẹni tó ti lo ogún ọdún níbí tí ìyẹn ò tíì yé, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ò kọ́ ọ. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Tí ẹ bá gbọ́ igba ọ̀rọ̀ Faransé péré, tí ẹ sì ń kí èèyàn dáadáa, àwọn ará ìlú á tètè mọ̀ yín ju àwọn tó gbọ́ ẹgbẹ̀rún lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí wọ́n bá ta ilé wọn tí wọ́n padà sílé, ó máa ku ẹ̀yin nìkan. Ẹ wọ ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ ti ará ìlú, ìbáà jẹ́ ti ìrìn ẹsẹ̀ tàbí ti orin. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti orin ni mo máa yàn fún yín.

Ó kan kìlómítà méje yẹn. Ta ló ń wakọ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì? Mo bá opó kan ṣiṣẹ́, ẹni ọdún 79, abúlé bíi ti ilé yín yẹn ló ń gbé, ilé mẹ́rin péré. Ọkọ rẹ̀ ló ń wakọ̀ fún un láti ọdún pípẹ́. Bàbá kú nínú oṣù kejìlá. Kò sí bọ́ọ̀sì. Aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ ló ń ra búrẹ́dì bọ̀ fún un lójoojúmọ́, tó ń so ó kọ́ ẹnu géètì nínú ọ̀rá, nítorí ó ń tètè lọ sóko. Obìnrin yẹn sọ fún mi pé ohun tó dun òun jù kì í ṣe oúnjẹ, àìlè lọ síbì kankan láìbẹ èèyàn ni. Ọdún méjì ló fi ta ilé náà, àdánù ló sì fi tà á. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ti kọjá 65 pé kí wọ́n wá ilé tí wọ́n á ti lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé búrẹ́dì, ilé oògùn àti ọ̀dọ̀ dókítà. Ó lè má ní ọgbà. Ó lè jẹ́ yàrá méjì péré.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló le jù lágbègbè wa. Àwọn tó wà ń fẹ̀yìntì, àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ wá sí ìgbèríko. Gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ ní dókítà kan tó forúkọ sílẹ̀ fún, médecin traitant ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ní in, 30 yúrò lẹ máa san fún un, ìjọba á dá 70% rẹ̀ padà, wọ́n á wá yọ yúrò méjì nínú ẹ̀, 19 yúrò ló máa padà dé àkáǹtì yín. Bí ẹ ò bá ní in, ìdápadà já sí 30%. Ìyókù, ìṣúra àdáni tí wọ́n ń pè ní mutuelle ló ń san án. Kí ẹ tó rẹ́ǹtì ibikíbi, ẹ wọ ilé oògùn ìlú náà, ẹ kí wọn, kí ẹ bi wọ́n pé dókítà wo ló ń gba aláìsàn tuntun. Wọn á sọ òótọ́ fún yín.

Kí ẹ tó lè wọ ètò yìí, fọ́ọ̀mù S1 lẹ máa béèrè lọ́wọ́ NHSBSA, ọ́fíìsì NHS tó ń bójú tó irú ìwé bẹ́ẹ̀. Torí pé ẹ ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ìlú ọba ló máa ru owó ìtọ́jú yín, Brexit ò pa ìyẹn rẹ́. Ẹ óò fún CPAM, ọ́fíìsì ìṣúra ìlera ti Faransé, ní fọ́ọ̀mù náà, àwọn ni wọ́n máa fún yín ní nọ́ńbà, lẹ́yìn náà Vitale, káàdì ìlera wọn. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ má sọ ìwé tí dókítà bá fún yín nù. Bí ẹ̀yin tàbí bàbá bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ó wà lára àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń san 100% iye tí ìjọba dá lé ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kò sí níbẹ̀ mọ́ láti 2011. Ohun tó máa dùn mọ́ yín gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì ni pé bí dókítà bá ti kọ ọ́ síwèé, nọ́ọ̀sì ló ń wá gba ẹ̀jẹ̀ yín nínú ilé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan.

Owó yín á tó. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ní ìlú ọba, ti tuntun, bó bá pé, £230.25 lọ́sẹ̀ ló jẹ́ ní 2025/26, ti NHS wà lórí ìyẹn, ti bàbá náà wà. Fún físà ọdún kan tí wọ́n ń pè ní visiteur, bíi 1,400 yúrò lóṣù ni wọ́n ń wò lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ó sì kọ̀wé pé ẹ ò ní ṣiṣẹ́. 99 yúrò ni owó físà. Bí ẹ bá dé, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun kan tí àwọn èèyàn wa kì í mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù: bí ẹ bá padà sí Nàìjíríà, owó ìjọba yẹn á dúró sí iye tó wà lọ́jọ́ tí ẹ lọ, kò ní lé kọ́bọ̀. Níbí, ó ń lé lọ́dọọdún bíi ti ẹni tó wà ní Peckham.

Owó orí: oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún la máa ń kọ ọ́. Owó ìjọba yín, Faransé ló ń gba orí lórí rẹ̀. Ti NHS, ìlú ọba ni, àmọ́ ẹ ṣì máa kọ ọ́ sínú ìwé Faransé. Ẹ sì máa fi fọ́ọ̀mù 3916 kọ gbogbo àkáǹtì tí ẹ ní lẹ́yìn odi. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí! Àkáǹtì Èkó tí ẹ fi ń sanwó ẹni tó ń ṣọ́ ilé yín, ó wà nínú ẹ̀. 1,500 yúrò ni ìtanràn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ọdún bá pé tí ọkàn yín ṣì wà níbí, ẹ wá ra ilé. Owó notaire, ìyẹn amòfin tó ń ṣe ìwé ilé, lórí ilé àtijọ́ máa ń tó 7% sí 8%. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti yí ọkàn padà láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò sókàwéè dáadáa. Ẹlòmíì ra ilé ní owó pọ́ọ́kú, ó wá rí i pé ó kù kí òun gbẹ́ sókàwéè tuntun. Àti ogún: òfin Faransé kì í jẹ́ kí òbí yọ ọmọ kúrò. Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ tiwọn, wọn ì báà jẹ́ ti ìyàwó ilé tàbí ti ọ̀nà míì. Bí bàbá bá ní ọmọ níta, ẹ sọ ọ́ fún notaire kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Iṣu àti èlùbọ́? Bordeaux, àdúgbò Saint-Michel. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ ra èyí tó pọ̀.

Mo fi èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù pamọ́ sẹ́yìn kí ẹ má bàa dá kíkà dúró. “Indefinite” bàbá: bí ó bá ti lo ọdún méjì gbáko lẹ́yìn odi ìlú ọba, ìwé náà ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín ní Dordogne, tàbí tí ẹ bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ẹ̀yin á wọlé, bàbá á dúró lẹ́nu odi. Kí ó kọ́kọ́ gba pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba kí ẹ tó kúrò ní Peckham. Nàìjíríà gbà pé kí ọmọ bíbí rẹ̀ ní méjì. Nítorí pé ó ti kọjá 65, kò ní ṣe ìdánwò èdè tàbí ti Life in the UK, ìyẹn ìdánwò nípa ìgbé ayé ìlú ọba. Nítorí pé ẹ̀yin aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú, ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa wò sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ ti wà lókè òkun ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ nínú ọdún tó kẹ́yìn. Nítorí náà, ìrìn àjò lọ wo ilé, ẹ dín in kù títí ìwé náà á fi jáde. Ẹ bá mi kí wọn.